Ọ̀nà Etíkun Big Sur: Ṣé Ó Tó Ohun Tí À Ń Fi Wákàtí Mẹ́rin Rà?

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Houston kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì àti màmá mi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Òde dé, máa wọ bàálù lọ sí San Francisco ní Ọjọ́bọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi níbẹ̀ la máa kọ́kọ́ sùn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò mi máa kó ọmọ rẹ̀ jáde ní Los Angeles. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa wọ bàálù padà láti San Francisco. Ọkọ mi ní ká gba òpópónà I-5 ní Ọjọ́ Ẹtì, pé wákàtí mẹ́fà péré ni. Èmi fẹ́ ká gba ọ̀nà etíkun kí màmá mi lè rí i, torí wọ́n ti pé ọdún 74, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n tún máa wá sí Amẹ́ríkà mọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn wọ́n, èébì sì máa ń gbé wọn nínú ọkọ̀. Ṣé àfikún wákàtí yẹn tó bẹ́ẹ̀, àbí kí n gbọ́ tọkọ mi?"

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra ìkómọ o. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wa ọkọ̀ èrò láàárín ìlú méjèèjì yìí, ìbéèrè yín sì ni èyí tí àwọn èèyàn ń bi mí jù. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀nà etíkun náà tó bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín fi I-5 gbé yín lọ síbi ìkómọ, kí ẹ wá gba etíkun bọ̀ ní Ọjọ́ Àìkú àti Ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní kíkún, nítorí bí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín á lè tún ètò náà tò bí nǹkan kan bá yí padà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ló ti San Francisco wọ Los Angeles. I-5 gba àárín ilẹ̀ oko lọ, ó tó nǹkan bíi máìlì 380, wákàtí mẹ́fà tí ọkọ yín wí sì jẹ́ òótọ́ bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò bá dá yín dúró. Òpópónà 101 tó nǹkan bíi máìlì 430, ó sì ń gbà tó wákàtí méje sí méje ààbọ̀. Òpópónà 1, tí í ṣe ọ̀nà etíkun, tó nǹkan bíi máìlì 455. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyí: wọ́n á wo máàpù, wọ́n á rí i pé nǹkan bíi máìlì 75 péré ló fi gùn ju I-5 lọ, wọ́n á sì rò pé wákàtí kan ló máa fi pẹ́ jù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀nà náà ń gbà tó wákàtí mẹ́wàá, bí awakọ̀ kò tilẹ̀ dúró níbì kankan. Wákàtí mẹ́rin ni àfikún rẹ̀, kò sì pín káàkiri gbogbo ọ̀nà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú nǹkan bíi máìlì 90 tó wà láàárín San Simeon àti Carmel, ní àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Big Sur, níbi tí awakọ̀ tó ní làákàyè kò ti lè fi bẹ́ẹ̀ sáré ju máìlì 35 lọ ní wákàtí kan.

Ohun tó mú kí ọ̀nà náà lọ́ra ni ohun kan náà tó mú kó lẹ́wà. Màmá yín á ti mọ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, wọ́n á sì ti rí òkun Èkó. Níbẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ lọ bá omi ni: ọ̀sà, iyanrìn, igi àgbọn, lẹ́yìn náà òkun. Ní Big Sur, òkè ló wọ inú òkun. Àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Santa Lucia kò fi àyè kankan sílẹ̀ láàárín ara wọn àti omi. Ọ̀kan nínú wọn, Cone Peak, ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5,155, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà ju nǹkan bíi máìlì mẹ́ta lọ sí etí omi. Ọ̀nà kò ríbi gbà ju ara òkè náà lọ. Níbi tí odò bá ti ya òkè, ọ̀nà á tẹ̀lé odò wọnú àfonífojì, á tún yí padà jáde síta, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láti àfonífojì kan sí òmíràn. Nǹkan bí ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó ṣí i ní 1937, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n kó wá láti San Quentin sì wà lára àwọn tó fọ́ àpáta rẹ̀. Afárá Bixby Creek, tí àwòrán rẹ̀ ti yí ayé ká, parí ní 1932. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 714, ó sì fi ohun tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 260 ga ju ìsàlẹ̀ àfonífojì lọ. Kí wọ́n tó ṣe afárá yẹn, bí òjò ìgbà òtútù bá ti dé, àwọn tó ń gbé ní Big Sur kì í sábà rí ọ̀nà gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ojú mi rí. Ní oṣù Bélú ọdún kan, mo gbé ìdílé kan tó fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo gba etíkun lọ sí Los Angeles. A kúrò ní San Francisco ní aago mẹ́wàá, oúnjẹ ọ̀sán pẹ́ ní Monterey, aago mẹ́ta ààbọ̀ sì ti lù kí a tó dé afárá Bixby. Wọ́n ya àwòrán, inú wọn dùn, a tún wọ ọkọ̀. Nígbà tí a fi máa dé Lucia, abúlé kékeré kan ní Big Sur, oòrùn ti wọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn rí mọ́ àfi ìlà funfun tó wà lójú títì. Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́yìn béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Awakọ̀, òkun náà dà?" Òkun wà lápá ọ̀tún wọn, ní ìsàlẹ̀ gbun-gbun-gbun, nínú òkùnkùn. Ìdílé náà ti san wákàtí mẹ́rin wọn tán, wọn ò sì rí ọjà gbé. Ó dùn mí gan-an, nítorí èmi ni mo mọ ọ̀nà, èmi ló sì yẹ kí n ti sọ fún wọn ní òwúrọ̀ pé kí a má gba ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi ọ̀rọ̀ yìí bò mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá bi mí bóyá kí òun gba etíkun, mi ò kì í bi í bóyá ó ní wákàtí mẹ́rin lọ́wọ́. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé: ta ló ń retí yín ní ìpẹ̀kun ọ̀nà, ìgbà wo sì ni oòrùn máa wọ̀? Ẹ fi ìbéèrè méjèèjì yìí yẹ Ọjọ́ Ẹtì yín wò. Ìkómọ ń retí yín, òwúrọ̀ ni, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé a kì í pẹ́ dé ìkómọ ọmọ àbúrò ẹni. Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà, oòrùn ń wọ̀ ní kété lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní California. Bí ẹ bá kúrò ní aago méje òwúrọ̀, tí ẹ sì dúró lẹ́ẹ̀mẹfà péré, màmá yín nílò ààbọ̀ wákàtí ní ìdúró kọ̀ọ̀kan láti sọ̀ kalẹ̀, láti na orúnkún, láti wo ohun tí ẹ torí rẹ̀ dúró, kí wọ́n sì tún padà wọlé. Wákàtí mẹ́ta nìyẹn lórí mẹ́wàá. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ẹ máa wọ Los Angeles bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì tí ọkọ̀ kún gbogbo títì, pẹ̀lú ọmọ tó ti sùn lórí ìjókòó àti ìyá tó ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá sì fẹ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú, àfi kí ẹ má dúró rárá. Ọ̀nà etíkun tí ẹ ò bá lè dúró lórí rẹ̀ kò sàn ju I-5 lọ. Ó tilẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí I-5 kì í ní kọ́nà.

Ẹ̀rí wà pé ọkọ yín kò jẹ̀bi. I-5 kò ní ohun àrímáleèlọ: oko àlùmọ́ǹdì, ilẹ̀ gbígbẹ, àgbàlá màlúù ńlá kan nítòsí Coalinga tí òórùn rẹ̀ ń wọ inú ọkọ̀, lẹ́yìn náà òkè Tejon kí ẹ tó já wọ Los Angeles. Ṣùgbọ́n títì rẹ̀ gún, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, orí màmá yín kò sì ní yí. Ẹ kúrò ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kí ẹ lè wọlé kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí màmá sì rí ọ̀sán fi sùn kí wọ́n tó bá àwọn ará ilé ṣeré.

Ohun tí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ni pé kí màmá yín rí etíkun náà. Kò sí ibi tí ẹ ti sọ pé Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí i. Bí bàálù yín bá jẹ́ ti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti San Francisco, ẹ ṣì ní láti padà gba ọ̀nà kan wá sókè, ẹ sì ní ọjọ́ méjì tí ẹnikẹ́ni kò fi retí yín. Ibẹ̀ ni wákàtí mẹ́rin yẹn ti wúlò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí èébì, nítorí ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Inú etí wa lọ́hùn-ún ni ohun tó ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń yí tàbí ó ń fì wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, etí á mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú tó ń wo ẹ̀yìn àga iwájú, tàbí tó ń wo fóònù, á máa sọ pé ohunkóhun kò mì. Àìgbọ́ra-ẹni-yé láàárín ojú àti etí yìí ló ń fa èébì. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ kì í fi í bì: ojú rẹ̀ ti rí kọ́nà kí ara rẹ̀ tó dé e. Nítorí náà, àga iwájú ni kí màmá yín jókòó sí, kí ẹ̀yin lọ bá àwọn ọmọ lẹ́yìn, kí màmá sì máa wo ọ̀kánkán, níbi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé. Kí wọ́n jẹ oúnjẹ díẹ̀ láàárọ̀, kì í ṣe èyí tó lọ́ràá, kì í sì í ṣe ikùn òfìfo. Atalẹ̀ dára, ẹ bó díẹ̀ sínú omi gbígbóná kí ẹ gbé e dání. Ní ti oògùn èébì ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, ẹ bi dókítà tàbí apòògùn tó mọ àwọn oògùn mìíràn tí màmá ń lò, nítorí àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń kun àgbàlagbà lóorun tàbí kó mú òòyì kọ́ wọn, àgbàlagbà tí òòyì ń kọ́ kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ létí bèbè.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìwakọ̀ ọkọ yín. Kí ó má sáré wọ kọ́nà, kí ó má sì tẹ bíréèkì lójijì. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn á fẹ́ kó sáré. Kí ó má dá wọn lóhùn. Òfin California sọ pé bí ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti tò sẹ́yìn awakọ̀ tó ń lọ́ra lójú títì bẹ́ẹ̀, kó yà sí ibi tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ kí wọ́n lè kọjá. Kó máa yà, kó máa jẹ́ kí wọ́n lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ fún yín pé láti àríwá lọ sí gúúsù ló yẹ kí èèyàn gba ọ̀nà yìí, nítorí apá ọ̀tún ni wọ́n ń wakọ̀ ní Amẹ́ríkà, apá ọ̀tún yẹn sì ni òkun máa wà, tí èèyàn á fi lè yà sí ibi ìwòran láìgé títì kọjá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọkọ yín nìkan ni, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà máa wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí gúúsù, etí bèbè gan-an ló ń wakọ̀ lé lórí, àgbàlagbà tó jókòó ní iwájú lápá ọ̀tún á sì máa wo ìsàlẹ̀ jíjìn láti fèrèsé. Mo ti rí ìyá tó di ojú rẹ̀ láti Lucia títí dé Ragged Point. Ẹni tó ń bọ̀ wá sí àríwá, ẹ̀gbẹ́ òkè ló wà, odidi ìlà ọkọ̀ kan sì wà láàárín òun àti bèbè. Òkun ò pamọ́ fún un, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Fún màmá yín, mo rò pé bíbọ̀ yìí ló dára jù, ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa fi san án ni sùúrù ọkọ yín nígbàkúgbà tó bá fẹ́ ya ọwọ́ òsì sí ibi ìwòran: kó má yà níbi tí kò bá ti rí iwájú dáadáa, kó lọ síwájú wá òmíràn. Ibi ìwòran pọ̀ gan-an.

Ní Ọjọ́ Àìkú, ẹ má kánjú. Ẹ jẹ ìyókù jọ́lọ́ọ̀fù ìkómọ, kí ẹ kúrò ní Los Angeles ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, kí ẹ gba Òpópónà 101. Láti Ventura títí kọjá Santa Barbara, 101 fúnra rẹ̀ ń sún mọ́ òkun, títì rẹ̀ sì fẹ̀, ó tẹ́jú. Ẹ fi ibẹ̀ mọ bí ara màmá ṣe máa rí. Ní San Luis Obispo, ẹ ya sí Òpópónà 1. Ẹ máa rí àpáta Morro ní Morro Bay, òkúta ńlá kan ṣoṣo tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 576, tó dúró létí omi bíi pé ẹnì kan gbé e síbẹ̀. Inú òkè oníná àtayébáyé ló ti wá. Cambria kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ láti Los Angeles lé ní máìlì 220, wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Cambria ni kí ẹ sùn. Owó òtẹ́ẹ̀lì inú Big Sur wọ́n gan-an, yàrá ibẹ̀ kò sì pọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá, ẹ sọ fún wọn pé ìsàlẹ̀ ni ẹ fẹ́, nítorí orúnkún màmá, kí ẹ sì kún táǹkì epo ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí epo tí wọ́n ń tà ní àárín Big Sur ga lówó ju ti ìlú lọ fíìfíì.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ yín. Ó dára púpọ̀ pé ó bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, nítorí ní òpin ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ máa ń kún ibẹ̀ débi pé èèyàn kì í ríbi dúró sí. Ẹ kúrò ní aago mẹ́jọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn San Simeon, ẹ máa dé Piedras Blancas, níbi tí àwọn ẹran òkun tí wọ́n ń pè ní elephant seal ti ń sùn lórí iyanrìn. Ẹ má fo ibẹ̀ o. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lẹ́bàá títì, ojú ibẹ̀ tẹ́jú, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ní ibi ìfarati, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lè dúró wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹran láìsọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn. Akọ tó ti dàgbà nínú wọn lè wúwo tó pọ́n-ùn 4,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní oṣù Ọ̀wàrà, àwọn tó ṣì kéré ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Àwọn akọ ńlá àti àwọn abo tó fẹ́ bímọ ń dé láti ìparí oṣù Bélú. Ẹ sọ ìtàn wọn fún àwọn ọmọ yín: nítorí ọ̀rá ara wọn, àwọn ọdẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán láyé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn kì í sì í wá sùn ní Piedras Blancas títí di 1990, tí díẹ̀ nínú wọn kọ́kọ́ wá síbẹ̀. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni Ragged Point, níbi tí kọ́nà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, kí gbogbo ènìyàn na ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, mi ò ní ka ibi ìdúró fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti dúró. Àwọn mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni McWay, nínú ọgbà ìjọba Julia Pfeiffer Burns, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 80, bọ́ sórí iyanrìn etí òkun. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ kúrú. Bí orúnkún màmá bá kọ̀ ọ́, ẹ lè rí díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ẹ̀bá títì. Ìkejì ni ọgbà Pfeiffer Big Sur, níbi tí ẹ ti máa jẹun ọ̀sán lábẹ́ àwọn igi redwood tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, kí inú tó bá ti ń rú màmá lè balẹ̀, nítorí kò sí bèbè, kò sí afẹ́fẹ́ òkun, òjìji nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìkẹta ni Bixby. Ẹ gbìyànjú kí ẹ dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta, nígbà tí oòrùn ti yí sí ìwọ̀ oòrùn, tó sì ń tàn sí ara afárá láti ojú òkun wá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá lórí rẹ̀, ọwọ́ òsì ni ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, ó kéré, ó sì sábà máa ń kún. Bí ó bá ti kún, kí ọkọ yín má dúró sójú títì, kó má sì máa yípo wá àyè. Kó lọ síwájú. Kò ju nǹkan bí ìlàjì máìlì lọ tí ẹ máa fi dé afárá Rocky Creek, tí wọ́n parí ní ọdún 1932 kan náà, tó jọ ọ́ bí àbúrò ti ń jọ ẹ̀gbọ́n, tí èrò kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n jókòó sórí àga alágbèéká tí ẹ gbé dání. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí, ohun tí àwọn àgbàlagbà ń sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé àwọn rántí kì í ṣe afárá. Ìṣẹ́jú ogún tí wọ́n fi jókòó létí òkun láìsí ẹni tó ń pè wọ́n pé kí wọ́n dìde, òun ni wọ́n ń rántí.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ omi. Òkun Pàsífíìkì ni èyí, kì í ṣe òkun Èkó; ó tutù gan-an nígbàkúgbà, ìgbì ńlá kan sì lè dìde lójijì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kéékèèké kó gbé ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí i lọ.

Carmel kò ju máìlì 13 lọ mọ́ láti Bixby. Láti ibẹ̀, ẹ gba Monterey, kí ẹ gba Òpópónà 156 bọ́ sí 101, wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni ẹ máa fi wọ San Francisco. Òpópónà 1 ṣì ń bá etíkun lọ ní àríwá Santa Cruz títí dé Half Moon Bay, ibẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ á ti ṣú. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun mìíràn tó lè ba ètò yìí jẹ́ ni òkè náà fúnra rẹ̀. Àpáta Santa Lucia ti sán káàkiri, ó dà gẹ̀gẹ́rẹ́, òjò ń rin ín láti òkè, ìgbì òkun ń jẹ ẹ́ ní ìsàlẹ̀, iná igbó sì ń jó koríko tó yẹ kó di ilẹ̀ mú. Ní oṣù Èbìbí 2017, òkè ya ní Mud Creek, ó bo nǹkan bí ìdámẹ́rin máìlì títì mọ́lẹ̀, oṣù Agẹmọ 2018 ni ọkọ̀ tó tún rí ibẹ̀ gbà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 54 dọ́là. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2021, àgbàrá gbé títì lọ ní Rat Creek, oṣù mẹ́ta sì ni wọ́n fi tún un ṣe. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, òkè tún ya ní ibi tí wọ́n ń pè ní Paul's Slide. Kí wọ́n tó ṣí ibẹ̀ tán, òmíràn ti ya ní Regent's Slide ní 2024, tó fi jẹ́ pé fún ohun tó ju ọdún méjì lọ, ẹnikẹ́ni kò lè gba ọ̀nà yìí tààrà láti Cambria dé Carmel. Ìparí oṣù Ọ̀wàrà dára ní ti èyí, nítorí òjò ńlá kì í sábà tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, kùrukùru tó ń bo òkun lójú láàárọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ń dín kù.

Bí wọ́n bá ti ọ̀nà nígbà tí ẹ fẹ́ wá, ẹ má gbà kí máàpù inú fóònù rán yín gba Nacimiento-Fergusson Road. Òun ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó gba orí òkè kọjá láàárín Cambria àti Carmel, ó há, kọ́nà rẹ̀ burú ju ti etíkun lọ, màmá yín kò sì ní fara dà á. Ẹ lọ wo àwọn ẹran òkun ní Piedras Blancas ní òwúrọ̀, kí ẹ padà sí Cambria, kí ẹ gba Òpópónà 46 bọ́ sí 101, kí ẹ sì gba Salinas lọ sí Monterey. Láti Carmel, ẹ wa ọkọ̀ lọ sí gúúsù títí dé Bixby, kí ẹ yí padà. Ẹ máa pàdánù àárín rẹ̀, ṣùgbọ́n màmá yín á ti rí òkè tó wọ inú òkun, oòrùn kò sì ní tíì wọ̀. Ètò kan náà yìí ni kí ẹ lò bí ara wọn kò bá le ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú sí wọn nítorí rẹ̀.

Caltrans, àjọ tó ń bójú tó àwọn òpópónà California, ní máàpù kan tí wọ́n ń pè ní QuickMap, tó ń fi ibi tí ọ̀nà bá ti dí hàn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé nínú yàrá yín ní Cambria, kí ẹ kó máàpù gbogbo àgbègbè náà sínú fóònù kí ẹ tó jáde, nítorí lẹ́yìn Ragged Point, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lọ, kò sì ní padà dé dáadáa títí ẹ ó fi sún mọ́ Carmel. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní San Francisco láti Cambria, kí ẹ sọ fún wọn pé aago mẹ́jọ alẹ́ ni, kí wọ́n má pè yín kó tó di ìgbà náà.